Bí a ṣe ń kó káàdì ilé ìkàwé lọ sórí wẹ́ẹ̀bù láìjẹ́ kí ìwé Yorùbá sọnù síbẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi nídìí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó ní òun ti wá ìwé kan títí lórí kọ̀ǹpútà, òun kò rí i. Mo ní kó tún un tẹ̀ lójú mi. Ó tẹ "ise agbe", kọ̀ǹpútà ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Mo yíjú sẹ́yìn, mo nawọ́ sí pẹpẹ kẹta, mo fa ìwé náà yọ fún un. Ẹ̀dà mẹ́ta la ní. Èmi fúnra mi ni mo tẹ àkọlé rẹ̀ wọlé, tàmì-tohùn, "iṣẹ́ àgbẹ̀", bí olùkọ́ Yorùbá mi ṣe kọ́ mi. Àmì yẹn gan-an ló fi ìwé náà pamọ́. Láyé káàdì, nígbà tí a ń kọ àkọlé ìwé kọ̀ọ̀kan sórí káàdì nínú àpótí, irú èyí kì í ṣẹlẹ̀, torí ojú wa máa ń fo àmì kọjá láìrò ó. Kọ̀ǹpútà kì í fo nǹkan kan àfi tí a bá ní kó fò ó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n sọ fún pé kí ẹ gbé ilé ìkàwé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọn kò sì fún yín ju kọ̀ǹpútà kan àti ìlérí lọ, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo ti ṣe tèmi, ìwé wa kò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, a ò sì ju mẹ́rin lọ tí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Yunifásítì ńlá ní àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà tí yóò ṣe púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ẹ bá ní wọn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ lọ ka ìgbésẹ̀ kẹrin, torí àwọn náà kì í sábà mọ ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ìbéèrè sílẹ̀

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ìwé àjákọ kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, kí ẹ máa kọ ohun tí oníkálukú bá béèrè, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má tún un sọ fún un. Ìwé tèmi fi hàn pé ìbéèrè mẹ́ta ló ń pààrà ọ̀dọ̀ wa: ṣé ìwé báyìí wà nílẹ̀, ta ló yá a, ìgbà wo ló máa dá a padà. Ẹnikẹ́ni kò béèrè wẹ́bsáìtì. Ọ̀gá wa ló fẹ́ wẹ́bsáìtì, èyí tí fọ́tò wọn máa wà lójú ewé àkọ́kọ́. Mo fi ẹ̀sọ̀ ṣàlàyé pé kátálọ́ọ̀gì, ìyẹn àkójọ ìwé tó wà nílẹ̀, ni kó ṣáájú, pé fọ́tò á tẹ̀ lé e.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹ ṣe gbọ́ ọ ni pé òun náà ni òǹkàwé máa tẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí lọ́la. Ẹni tó ń wá "ìwé àlọ́ ìjàpá" kò ní tẹ "lítíréṣọ̀ àbáláyé" láéláé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì jọ kọ́ ọ

Ní 2006, Helene Blowers, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé ìjọba ní Charlotte, Amẹ́ríkà, ṣe ètò kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n wá ń pè ní 23 Things: nǹkan kéékèèké 23 láti dán wò lórí wẹ́ẹ̀bù, kí oníkálukú ṣe é nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá parí, wọ́n fún un ní ẹ̀rọ MP3. Àwọn ilé ìkàwé lórílẹ̀-èdè mìíràn gba ètò náà lò lẹ́yìn wọn. Púpọ̀ nínú nǹkan 23 náà ti di ti àná, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ kò tíì gbó: nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kó kéré débi pé ẹ máa parí rẹ̀ kí iná tó lọ.

Tiwa jẹ́ ọ̀sán Tọ́sìdeè, aago méjì sí mẹ́ta, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú kíláàsì. Èmi kò ní MP3 láti pín, sùyà ni mo fi ṣe é. Ẹ má fi àwọn àgbà sílẹ̀ o. Màmá kan wà lọ́dọ̀ wa tí wọ́n ti ń to káàdì kí wọ́n tó bí àgùnbánirọ̀ tó wá kọ́ wa. Gbogbo wa rò pé wọ́n máa sá. Lọ́jọ́ tí a ṣí fọ́ọ̀mù MARC, ìlànà tí ilé ìkàwé fi ń kọ ìwé sínú kọ̀ǹpútà, tí gbogbo wa ń wo nọ́ńbà 020, 100, 245, 650 bí ẹni wo lẹ́tà ilé ẹjọ́, wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní: "Káàdì náà ni kẹ̀! Wọ́n kàn fi nọ́ńbà sí i lára ni." Òótọ́ sì ni. Henriette Avram àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti Amẹ́ríkà, ṣe MARC ní àwọn ọdún 1960 kí ẹ̀rọ lè ka ohun tó wà lójú káàdì. Ẹni tó mọ káàdì ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, Màmá ló ń yẹ iṣẹ́ wa wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìwé ọgọ́rùn-ún, pẹpẹ kan, sínú Sheets

Ẹ mú pẹpẹ kan ṣoṣo, kí ẹ kọ ìwé orí rẹ̀ sínú Google Sheets tàbí Excel. Òpó mọ́kànlá tó: ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn ìwé), òǹkọ̀wé, àkọlé, àkọlé kejì, ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, ọdún, iye ojú ewé, èdè, nọ́ńbà pẹpẹ, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Bí pẹpẹ náà bá ní ìwé Yorùbá nínú, ó dára jù, torí ibẹ̀ ni wàhálà wà, kí ẹ tètè bá a pàdé nígbà tó ṣì kéré.

Kí ẹ tó tẹ ISBN kan ṣoṣo, ẹ mú gbogbo òpó rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di Text (nínú Sheets, Plain text ni wọ́n kọ síbẹ̀). Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, Excel máa rò pé iye owó ni, á sọ nọ́ńbà 13 di 9.78E+12, á sì jẹ òdo tó wà níwájú ISBN àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ ISBN Nàìjíríà tún ní àdììtú tirẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n yàn fún orílẹ̀-èdè wa ni 978. Nígbà tí ISBN di nọ́ńbà 13 ní January 1, 2007, nọ́ńbà tí wọ́n fi síwájú ìwé gbogbo àgbáyé náà tún jẹ́ 978. Ìdí nìyẹn tí ìwé tuntun láti Nàìjíríà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Ìwé àtijọ́ wa náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́wàá péré ló ní. Ẹnìkan nínú wa rò pé nọ́ńbà mẹ́ta ló já lára wọn, ó sì ń wá mẹ́ta yẹn káàkiri ẹ̀yìn ìwé. Kò sí ohun tó já. Bó bá pé mẹ́wàá, ẹ kọ mẹ́wàá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fọwọ́ ara yín sọ ọ́ di 13, torí nọ́ńbà ìparí máa ń yí padà nígbà tí 978 bá wọlé síwájú. Ìwé pẹlẹbẹ tí kò ní ISBN rárá, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má ṣẹ̀dá ọ̀kan fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé fáìlì náà jáde, CSV (fáìlì lásán tó fi kọ́mà pín òpó) ni ẹ máa lò. Nínú Excel, oríṣi méjì ló wà nínú àkójọ náà: CSV lásán, àti "CSV UTF-8". Èkejì ni kí ẹ mú, òun ló ń pa àmì Yorùbá mọ́. Èmi mú ti àkọ́kọ́ nígbà kan, mo ti kọ̀ǹpútà pa, mo lọ sílé. Nígbà tí mo tún ṣí i, gbogbo ẹ́ àti ọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti di àmì ìbéèrè. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ló lọ bẹ́ẹ̀. Google Sheets kò ní ìṣòro yìí. UTF-8 ni òun máa ń gbé jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí a ṣe máa kọ Yorùbá tí kọ̀ǹpútà yóò fi rí i

Ẹ fọkàn bá mi lọ níbí, torí ohun tí mo jókòó kọ nǹkan yìí fún gan-an nìyí. Àwọn tó ṣe sọ́fítíwìà kò ní bá yín ṣe é, kò sì sí nínú ìwé ìlànà wọn.

Lójú wa, ẹ́ jẹ́ lẹ́tà kan. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí ẹ́ kankan tó dá dúró. Àwọn tó ṣe Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà gbogbo èdè mọ̀, fún ẹ, ọ àti ṣ ní ibùjókòó tiwọn, wọ́n fún é àti ò náà, ṣùgbọ́n wọn kò fún ẹ́ tàbí ọ̀. Nítorí náà, ẹ pẹ̀lú àmì òkè tó ń léfòó lórí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń rí. Ẹlòmíràn sì lè tẹ é kó wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn tún lè fi e lásán bẹ̀rẹ̀, kó fi àmì sábẹ́, kó fi sórí. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn, ojú kan náà ló ní, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ kò dọ́gba. Sọ́fítíwìà tó gbọ́n mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n. Èyí tí kò gbọ́n máa ní ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ̀kẹrin wà tó burú jù wọ́n lọ: dípò àmì róbótó kékeré tó wà lábẹ́, àwọn kan ń lo ìlà kékeré tó dúró gbọọrọ. Nínú ìwé títẹ̀, ó lẹ́wà. Nínú Unicode, àmì ọ̀tọ̀ ni, kò sì sí sọ́fítíwìà tó máa fúnra rẹ̀ gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bákan náà ni fífa ìlà sábẹ́ e nínú Word: ìlà lásán ni, kì í ṣe ẹ. Àwọn fáìlì àtijọ́ tí wọ́n fi fọ́ǹtì àkànṣe tẹ̀ tún wà, tí ẹ̀ ń rí ọ lójú, tó sì jẹ́ pé àmì mìíràn pátápátá ló wà lábẹ́ aṣọ. Ẹ yí fọ́ǹtì rẹ̀ padà sí Arial. Bí ọ̀rọ̀ náà bá di jàgídíjàgan, ẹ tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó yá ju àtúnṣe lọ.

Ohun tí a wá ṣe ni pé gbogbo wa gba kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Lórí fóònù, Gboard ní èdè Yorùbá. Lórí Windows, ẹ lè fi Yorùbá kún èdè kíbọ́ọ̀dù nínú Settings. Èyíkéyìí tó bá wù yín ni kí ẹ mú, ṣùgbọ́n kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lo ọ̀kan náà. Ẹ wá dán an wò báyìí: ẹ tẹ "ọkọ̀" lórí kọ̀ǹpútà kan, kí ẹnìkejì tẹ̀ ẹ́ lórí tirẹ̀, ẹ kó méjèèjì sínú Sheets kan náà, ọ̀kan nínú A1, ìkejì nínú B1, kí ẹ kọ =EXACT(A1,B1). Bó bá ní TRUE, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá ní FALSE, ọwọ́ yín kò ṣọ̀kan.

Ìbéèrè tó kàn ni pé ṣé kí a tiẹ̀ fi àmì sí i rárá. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí a yọ gbogbo rẹ̀ kúrò kí ọkàn wa balẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹni tó ń wá ọkọ́, ìwé ọkọ̀ ló máa rí. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ á bá ìṣẹ́ pàdé. Àmì ló ń jẹ́ kí òǹkàwé mọ èyí tí òun fẹ́ nígbà tí èsì bá ti jáde. Ìṣàwárí nìkan ló yẹ kó fojú fo àmì. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí ẹ sì ní kí ẹ̀rọ má wo àmì nígbà tó bá ń wá nǹkan. Ẹ máa rí bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ Koha, sọ́fítíwìà ilé ìkàwé tí a lò.

Ó tún ku ti àwọn ìwé àtijọ́. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, bẹ́ẹ̀ sì ni pẹpẹ wa kún fún ìwé tó ti wà ṣáájú ìgbà náà: "aiye", "enia", "okonrin", "Oshogbo". Òfin kátálọ́ọ̀gì ni pé bí àkọlé ṣe wà lójú ìwé ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má tún un ṣe fún olóògbé. Ṣùgbọ́n MARC ní ibùdó 246 fún oríṣi mìíràn tí àkọlé lè gbà wá. Ẹ kọ "aiye" sínú 245, ibùdó àkọlé gan-an, kí ẹ kọ "ayé" sínú 246. Ẹni tó bá tẹ èyíkéyìí á dé ibẹ̀. Ìwé tuntun tó ní àmì púpọ̀ náà lè ní 246 tí kò ní àmì rárá, pàápàá tí ẹ̀rọ ìṣàwárí yín kò bá dá yín lójú. Ti orúkọ òǹkọ̀wé yàtọ̀: inú àkọsílẹ̀ authority (èyí tó ń tọ́jú orúkọ òǹkọ̀wé lọ́tọ̀) ni ẹ ti máa kọ Adébáyọ̀ sí 100, kí ẹ kọ Adebayo sí 400 rẹ̀.

Ẹ kọ "yor" sí ibi tí èdè wà (008, àyè 35 sí 37), kì í ṣe "yo", lẹ́tà mẹ́ta ni MARC ń gbà. Bí ẹ bá ń lo Dewey, ìlànà tó fi nọ́ńbà to ìwé sórí pẹpẹ, èdè Yorùbá wà ní 496.333, lítíréṣọ̀ rẹ̀ sì wà ní 896.333. Ilé ìkàwé tó bá dúró síbẹ̀ yẹn máa ní ewì, eré onítàn àti ìtàn àròsọ nínú agbọ̀n kan. Ẹ fi nọ́ńbà kan kún un: 1 fún ewì, 2 fún eré onítàn, 3 fún ìtàn àròsọ, ìyẹn ni pé ìtàn àròsọ Yorùbá á di 896.3333.

Bí ọwọ́ yín kò bá tíì yá lórí kíbọ́ọ̀dù, Wikipedia Yorùbá ni kí ẹ ti ṣe ìdánrawò. Láti 2016 ni wọ́n ti ń ṣe #1Lib1Ref, níbi tí wọ́n ti ń bẹ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé pé kí oníkálukú fi ìtọ́kasí kan ṣoṣo kún àyọkà kan. January 15 sí February 5 ni ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìwé ti wà lórí pẹpẹ yín tẹ́lẹ̀, ẹ kàn máa mú ọ̀kan tó jẹ́rìí sí ohun tó wà nínú àyọkà náà. Ẹ ṣe é márùn-ún, ọwọ́ á ti wọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Koha

Ilé ìkàwé kékeré kan ní agbègbè Horowhenua, New Zealand, ló kọ́kọ́ lo Koha, ní January 2000. Sọ́fítíwìà wọn àtijọ́ kò ní lè kọjá ọdún 1999 sí 2000, wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ Katipo ṣe tuntun fún wọn, wọ́n sì fi í tọrẹ fún gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ èdè Māori ni koha, ẹ̀bùn ló túmọ̀ sí. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé láti New Zealand náà ni John Harris ti wá ní 1948 láti dá ilé ìkàwé yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀. Ẹ̀bùn ibẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀fẹ́ ni Koha, ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbé e sórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Orí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ló ń gbé, irú ti Debian tàbí Ubuntu. Bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan Linux rí, ẹ wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó bá tẹ̀ sínú ìwé. Kó tó dé, ẹ lọ ṣeré lórí àwọn Koha ìdánwò tí wọ́n kó jọ sí koha-community.org. Ẹ lè ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀ tẹ́rù-tẹ́rù kò sí.

Nígbà tí ọmọ náà bá ń ṣiṣẹ́, ohun méjì ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́: "Ṣé o ti tan ICU sílẹ̀ fún Zebra?" Zebra ni ẹ̀rọ ìṣàwárí Koha, ICU ló sì ń jẹ́ kó mọ̀ pé ise, iṣẹ́ àti ìṣẹ́ lè jọ jáde. Òun ni a kò béèrè ní tiwa, òun ló fà á tí akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn fi wá ìwé tì lórí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá tàn án lẹ́yìn tí ìwé ti wọlé, kí wọ́n tún atọ́ka kọ látòkèdélẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Èkejì: kó fún kọ̀ǹpútà náà ní àdírẹ́sì tí kò ní máa yí padà lórí Wi-Fi ilé ìkàwé. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí Wi-Fi yẹn lè wá ìwé láti orí fóònù rẹ̀ láìná dátà kankan, kódà lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dákú. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi rò pé láìsí dátà, kátálọ́ọ̀gì wẹ́ẹ̀bù kò wúlò. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Láti kó CSV yín wọlé, ẹ ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di MARC. MarcEdit ni a lò, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Delimited Text Translator inú rẹ̀ ni ẹ ó fi sọ fún un pé òpó àkọlé lọ sí 245, ti òǹkọ̀wé sí 100, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà kejì tó tẹ̀ lé 245, tó ń sọ iye lẹ́tà tí a ó fò nígbà títò, ẹ fi òdo síbẹ̀ fún ìwé Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ló ní "The" tí à ń fò. Ẹnìkan bi mí bóyá kí òun fo "Àwọn". Mo ní kó má fò wọ́n.

Koha fúnra rẹ̀ ń lo 952 fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan: a àti b fún ilé ìkàwé tó ni ín àti èyí tó wà, o fún nọ́ńbà pẹpẹ, p fún bákóòdù, y fún irú ohun tó jẹ́. Ìwé kan tó ní ẹ̀dà mẹ́ta, 245 kan, 952 mẹ́ta. Ẹ má tẹ ìwé náà wọlé lẹ́ẹ̀mẹta o, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ibi tí wọ́n kọ "Stage MARC records for import" sí. Ó kọ́kọ́ máa kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò, kó tó dà wọ́n sínú kátálọ́ọ̀gì. Bí ẹ bá rí àṣìṣe lẹ́yìn tó ti wọlé, bọ́tìnì ìdápadà wà. Ìwé mẹ́wàá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó ti wọ́pọ̀ kò yẹ kó gba àkókò yín. Ẹ tẹ ISBN rẹ̀ sínú ìṣàwárí Z39.50 tó wà nínú Koha, èyí tó ń wá àkọsílẹ̀ nínú kátálọ́ọ̀gì ilé ìkàwé mìíràn, ẹ yan Library of Congress, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á sì wọlé látọ̀hún. Ìwé Yorùbá àti ìwé tí wọ́n tẹ̀ nílé ni ẹ ó fọwọ́ ara yín kọ, torí lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó kọ ọ́.

Ti bákóòdù kò le. Síkánà olókùn USB dà bíi kíbọ́ọ̀dù lójú kọ̀ǹpútà: ó tẹ nọ́ńbà, ó tẹ Enter, ó parí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé inú, ẹ fi sẹ́lò tẹ́ẹ̀pù bò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ̀dà ìpamọ́, iná

Àgùnbánirọ̀ ló gbé Koha wa kalẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ó parí ìsìnrú ìlú rẹ̀ lóṣù kẹwàá, ó padà sílé, ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà bá a lọ. Fóònù rẹ̀ kò sì lọ fún oṣù kan gbáko. Lóde òní, ọ̀rọ̀ aṣínà Linux, ti Koha àti ti ráúta wà nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, nínú àpótí irin ọ̀gá wa. Ẹni tó bá ṣí i ń fọwọ́ síwèé.

Bí wọ́n bá gbé Koha kalẹ̀ bó ṣe yẹ lórí Debian, ó ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ lójoojúmọ́ sínú /var/spool/koha, ó sì ń tọ́jú ti ọjọ́ méjì. Àwọn ènìyàn gbọ́ èyí, wọ́n lọ sùn. Inú kọ̀ǹpútà kan náà ni ẹ̀dà yẹn wà! Bí iná bá jó o, méjèèjì ló jọ lọ. Gbogbo ọjọ́ Fráídè, ẹ kó fáìlì náà sórí fláàṣì tó ń gbélé ẹlòmíràn, ẹ sì kó ọ̀kan sórí Google Drive nígbà tí dátà bá wà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ gbé ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ rí i pé ó ṣí.

UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀ bí iná bá lọ, ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra síkánà. Kì í ṣe nítorí kí ẹ lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Nítorí kí ẹ lè ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ ó fi ti kọ̀ǹpútà pa pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí kò bá sí iná, ìwé àjákọ ni a fi ń yáni ní ìwé: nọ́ńbà òǹkàwé, nọ́ńbà ìwé, aago. Iná dé, a tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ìgbésẹ̀ keje: Fóònù àwọn òǹkàwé

Ẹ tẹ àdírẹ́sì kátálọ́ọ̀gì sórí QR (àwòrán onígun mẹ́rin tí kámẹ́rà fóònù ń kà), kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Fún ìkéde, mo fara mọ́ broadcast WhatsApp ju gúrúùpù lọ. Nínú gúrúùpù, oníkálukú ń rí nọ́ńbà ẹnìkejì, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù á sì wọ̀ ọ́ kó tó di alẹ́. Broadcast kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ènìyàn 256 ni òpin rẹ̀, ẹni tí kò bá sì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí nǹkan gbà. Ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n fi pamọ́ lójú yín.

Ẹ má lẹ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ìwé mọ́ ibi kankan lórí wẹ́ẹ̀bù. Òfin ààbò dátà ti 2023 ti mú ìyẹn kúrò lọ́rọ̀ eré, ohun tí ènìyàn ń kà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Ẹ fi ìránṣẹ́ ránṣẹ́ sí òun nìkan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ya fọ́tò odindi ìwé kan ránṣẹ́ sí wọn, ẹ rántí pé lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti 2022, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àwọn àpótí káàdì ńkọ́?

Ẹ má tíì sun wọ́n. Lẹ́yìn tí gbogbo ìwé ti wọlé, ọ̀gá fẹ́ kí a kó àwọn àpótí náà jáde kí àyè lè gbà. Màmá ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ń yí káàdì kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn, wọ́n ń kà á. Ẹ̀yìn káàdì ni àwọn tó ṣáájú wa ti ń fi bírò kọ nǹkan sí: ẹni tó fi ìwé náà tọrẹ, ìwé tí ojú ewé rẹ̀ ti ya, orúkọ gidi òǹkọ̀wé tó lo orúkọ ìnagijẹ, ìwé tó wà lábẹ́ àkọlé mìíràn ní pẹpẹ kejì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà nínú Sheets wa. Ibùdó 500 nínú MARC gba irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀, 561 sì gba ìtàn ẹni tó ni ìwé tẹ́lẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àpótí mẹ́fà nínú mẹ́rìnlá la ti kà tán.